Alámù èéfín nínú ilé wa n'Íbàdàn: ta ló ti ní i, ibo lẹ gbé e kọ́?

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ Agbowó (Ọjọ́rú, 6:52 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni oorun mi ò ti já geere mọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó béèrè ìbéèrè mi.

Mo gbé ẹ̀wà kaná lọ́jọ́ náà ní nǹkan bí aago 10 alẹ́, kí àwọn ọmọ lè rí nǹkan gbé lọ síléèwé. Mo rẹ iná gáàsì sílẹ̀, mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n ṣe mú iná lọ báyìí, oorun gbé mi lọ. Ikọ́ Kẹ́hìndé ló jí mi, kì í ṣe òórùn. Nígbà tí mo tan fóònù, èéfín ti kún láti àjà wá sílẹ̀ débi orí bẹ́ẹ̀dì, mi ò rí ọwọ́ ara mi. Mo fọwọ́ tá àwọn ọmọ méjèèjì kàn, mo wọ́ wọn bọ́ sí pásẹ́èjì. Bàbá wọn ló lọ pa gáàsì. Ìdí ìkòkò ti pọ́n bí ẹyin iná, ẹ̀wà inú ẹ̀ ti di èédú, ọwọ́ ìdérí tó jẹ́ rọ́bà ti yọ́ dà sórí sítóòfù, etí kọ́tìnnì kíṣìnnì sì ti ń ká kò.

Iná kankan ò jó nínú ilé. Èéfín lásán ni. Àmọ́ ohun tí mò ń bi ara mi lójoojúmọ́ ni pé, bí Kẹ́hìndé ò bá wúkọ́ ńkọ́?

Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ní alámù èéfín, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pariwo bí èéfín bá wọnú ẹ̀, wà lára àjà ilé tí àwọn ń gbé. Mo fẹ́ ra tiwa. Irú wo ni kí n rà? Ṣé kò ní máa pariwo ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń din dòdò? Bí kò bá síná ńkọ́, ṣé á ṣiṣẹ́? Ibo ni wọ́n ń gbé e kọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó ràn mí lọ́wọ́.

Oníwáyà Mọ́kọ́lá (Ọjọ́rú, 7:40 àárọ̀)

Ẹ kú ewu, ìyá wa. Ẹ kú orí ire. A ò ní rírú ẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ wáyà ni mò ń ṣe. Mo ti gbé alámù èéfín kọ́ ní ọ́fíìsì mélòó kan, àmọ́ ilé tí wọ́n ti pè mí fún un ò tó márùn-ún. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ní ìmọ́lẹ̀ kékeré nínú. Bí èéfín bá wọnú ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yẹn á fọ́n ká, á kan ojú tó ń ṣọ́ ọ, ni yóò bá figbe ta. "Photoelectric" ni wọ́n ń kọ sára páálí rẹ̀. Ìkejì ni "ionization". Èròjà bíńtín kan tó ń jẹ́ americium ló wà nínú ìyẹn, òun ló ń jẹ́ kí iná mànàmáná díẹ̀ máa gba inú afẹ́fẹ́ kọjá níbẹ̀. Bí èéfín bá wọlé, iná yẹn á dínkù, alámù á dún. Èyí ìkejì yìí tètè ń mú iná tó bá ń jó lala, ṣùgbọ́n òun náà ló máa ń yọ èèyàn lẹ́nu bí a bá ń dín nǹkan. Èyí àkọ́kọ́ ló tètè ń mú irú èyí tó ṣe yín, ìyẹn nǹkan tó ń jóná lábẹ́lẹ̀, tó ń rú èéfín kí ọwọ́ iná tó yọ: fóòmù, wáyà tó gbóná, kọ́ìlì ẹ̀fọn tó ṣubú sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ ra ti àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kó jẹ́ oní-bátìrì. Èyí tó ń dúró de NEPA nìkan ò wúlò fún wa níbí. Òmíràn ń lo bátìrì onígun mẹ́rin, 9 volt. Òmíràn wà tí wọ́n ti de bátìrì mọ́nú ẹ̀ pa, tó máa lo ọdún 10. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí ẹnikẹ́ni ò lè yọ bátìrì ẹ̀ sínú rẹ́díò.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ máa gbé e kọ́, èéfín ń gòkè ni, nítorí náà àjà ni. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí sítóòfù tó mítà 3 ó kéré tán, kó má sì sún mọ́ fáánù tàbí fèrèsé. Bí ẹ ò bá lè fi í sára àjà, ẹ fi sára ògiri, kó má ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ sí ìsàlẹ̀ àjà. Ọ̀kan ní pásẹ́èjì tó wà láàárín kíṣìnnì àti yàrá, ọ̀kan nínú yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn. Kíṣìnnì gan-an, alámù ooru ni tiẹ̀. Ìyẹn ò ka èéfín dòdò sí, ìgbà tí ooru bá pọ̀ jù ló máa ń dún.

Bọ́tìnnì kan wà lójú ẹ̀, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bó bá ń dún "tín" lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bátìrì ló ń kú lọ. Àkókò ọyẹ́ kó eruku sí i lára o, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ nù ún. Aláǹtakùn pàápàá lè wọnú ẹ̀ kí alámù máa ké. Bó bá ti pé ọdún 10, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Déètì wà lẹ́yìn ẹ̀.

Ọmọ Sángo (Ọjọ́rú, 9:05 àárọ̀)

Ẹ kú ewu, màmá. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ilé òyìnbó, pákó ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi nílò alámù. Búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì la fi kọ́ tiwa, páànù la fi bò ó. Búlọ́ọ̀kù kì í jó. Owó yẹn, ẹ fi ra ìkòkò míì, kẹ́ ẹ sì máa pa gáàsì kẹ́ ẹ tó sùn.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àdó (Ọjọ́rú, 11:30 àárọ̀)

Àbúrò mi Ọmọ Sángo, òótọ́ ni pé búlọ́ọ̀kù kì í jó. Kí ló wá wà nínú yàrá tẹ́ ẹ fi búlọ́ọ̀kù kọ́? Fóòmù, kọ́tìnnì, aṣọ tá a fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, àga oní-fóòmù, tẹlifíṣọ̀n, ike lórísìírísìí. Ìyẹn ló ń jó. Ògiri yẹn ló sì ń sé èéfín mọ́lé.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ ni pé èéfín ló ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn nínú iná ilé, ọwọ́ iná lè má tíì dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó kàn ń gba ààyè afẹ́fẹ́ tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ wa gbé ni. Bí fóòmù bá ń jó, májèlé kan tó ń jẹ́ cyanide tún ń bẹ nínú èéfín rẹ̀. Imú wa sì ń sùn nígbà tí a bá ń sùn. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ pé òórùn ò jí wọn. Bí ara ṣe rí nìyẹn. Etí nìkan ló ń ṣọ́lé lóru, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ yìí fi ń pariwo.

Mo tún ní ohun kan sọ torí ohun tí mò ń rí níbi iṣẹ́. Bí iná tàbí omi gbígbóná bá jó èèyàn, omi tútù tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ dà sí i fún 20 ìṣẹ́jú. Kì í ṣe omi yìnyín. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kíá kí ibẹ̀ tó wú. Ẹ má fi ẹyin sí i, ẹ má fi ògì, ẹ má fi àdí, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín. Wọ́n ń gbé ọmọ wá pẹ̀lú ẹyin tó ti gbẹ mọ́ egbò, a ó sì ní láti ha á kúrò kí a tó lè tọ́jú ọmọ náà. Igbe tí ọmọ náà máa ń ké nígbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín ké e.

Ọmọ Sángo (Ọjọ́rú, 1:12 ọ̀sán)

Ẹ ṣé, ma. Mi ò ronú kan inú yàrá, ògiri ni mò ń wò. Ṣùgbọ́n ilé oníyàrá méjìlá là ń gbé, mẹ́fà níbí, mẹ́fà lọ́hùn-ún, pásẹ́èjì kan láàárín. Bí mo bá ra tèmi, tí iná sì wá láti yàrá ẹlòmíì ńkọ́?

Oníwáyà Mọ́kọ́lá (Ọjọ́rú, 1:50 ọ̀sán)

Pásẹ́èjì yẹn ni kẹ́ ẹ fi í sí, bí ó bá gùn ẹ fi méjì. Bí yàrá méjìlá bá dá owó jọ, kò ní dun ẹnikẹ́ni. Àwọn kan wà tó máa ń bára wọn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà: bí ti iwájú bá gbọ́ èéfín, ti ẹ̀yìn náà á dún. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún lánlọ́ọ̀dù o, nítorí ihò kékeré méjì ni a máa lu sára àjà.

Bàbá Òjé (Ọjọ́rú, 4:20 ìrọ̀lẹ́)

Mo kí gbogbo yín. Nígbà èwe wa, ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìdáná wà. Èéfín a máa rú níbẹ̀, àwa a máa sùn nínú ilé. Lónìí, ògiri kan ló wà láàárín orí ibùsùn àti sílíńdà. A gbé iná wọlé, a ò gbé ẹ̀ṣọ́ wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Òrùlé nìkan kọ́ ló kàn lónìí. A ti fi í sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù.

Nítorí ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì yìí ni mo ṣe kọ̀wé. Ní alẹ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, nígbà tí ilé kan bú gbàù ní Bódìjà, àwa tí a wà lọ́nà jíjìn gbọ́ ọ, fèrèsé gbọ̀n. Ohun abúgbàù àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ni wọ́n ní ó wà nínú ilé yẹn. Àwọn aládùúgbò tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò mọ̀. Kò sí alámù tó lè gba èèyàn nínú irú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó kọ́ mi láti béèrè ohun tó wà nínú yàrá ẹgbẹ́ mi. Ọmọ Sángo, kí ẹ tó dáwó alámù, ẹ jọ yẹ pásẹ́èjì yẹn wò. Kẹ́ẹ̀gì mélòó ló wà níbẹ̀?

Ọmọ Sángo (Ọjọ́rú, 4:48 ìrọ̀lẹ́)

Bàbá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á ni. Márùn-ún. Jẹnẹrétọ̀ méjì pẹ̀lú. Bí òjò bá ń rọ̀, wọ́n máa ń tan ọ̀kan níbẹ̀ torí olè.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àdó (Ọjọ́rú, 5:15 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tan án nínú pásẹ́èjì lálẹ́ òní. Mo bẹ yín. Carbon monoxide tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, inú èéfín jẹnẹrétọ̀ ló pọ̀ sí, alámù èéfín kì í sì í mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ìta ni jẹnẹrétọ̀ ń gbé, kó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó mítà 6, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí ilé. Ṣíṣí fèrèsé ò tó. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí èébì ń gbé wọn, ẹ má pè é ní ibà. Ẹ bọ́ síta ná.

Oní-gáàsì Apáta (Ọjọ́rú, 7:33 alẹ́)

Mo fẹ́ fi ti gáàsì kún un. Alámù èéfín ò lè gbọ́ gáàsì tó ń jò, torí gáàsì kì í ṣe èéfín. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ sí, á lọ lúgọ sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń gbọ́ gáàsì, ìsàlẹ̀ ògiri ni wọ́n ń fi í sí, kì í ṣe àjà. Òórùn tí ẹ máa ń gbọ́ yẹn, wọ́n fi sí i ni kí imú lè mọ̀ ọ́n. Gáàsì fúnra rẹ̀ ò ní òórùn.

Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gba sílíńdà dé, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, ẹ fi kàn-ìn-kàn-ìn pa ẹnu rẹgulétọ̀ àti gbogbo ara rọ́bà. Bó bá hó yọ, ó ń jò nìyẹn. Ẹ má fi ìṣáná wò ó láé, mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì lóru, ẹ má tan iná, ẹ má pa iná, torí súwíìṣì ń ṣáná. Ẹ ti ẹnu sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ jáde. Rọ́bà tó bá ti ń sán, owó tí ẹ fi ra òmíràn ò lè dùn yín.

Panápaná Tó Ti Fẹ̀yìntì (Ọjọ́rú, 9:10 alẹ́)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà lẹ́nu mi. Alámù á jí yín. Ta ló máa ṣílẹ̀kùn?

Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ panápaná, irin ojú fèrèsé ló bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. A fi irin dí fèrèsé gbogbo torí olè, a fi ilẹ̀kùn onírin ṣáájú ilẹ̀kùn onípákó, a fi àgádágodo méjì sí i, a wá kó kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì, a gbé báàgì sórí wọ́dúróòbù. Lójú èéfín, ọwọ́ ẹni kì í mọ kọ́kọ́rọ́ mọ́. A ti dé ilé tí a bá àwọn èèyàn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà, Ìyá Ẹ̀jìrẹ́, lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé alámù kọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ lóru nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn. Ẹ ka ìṣẹ́jú tí ẹ máa fi bọ́ síta. Ẹ máa rẹlẹ̀ bí ẹ bá ń jáde, torí afẹ́fẹ́ tó mọ́ díẹ̀, ìsàlẹ̀ ló máa ń wà. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó ṣí i. Bó bá gbóná, ẹ má ṣí i. Ilẹ̀kùn tí ẹ bá jáde nínú rẹ̀, ẹ tì í padà, ó ń dá iná dúró. Bí òróró bá gbiná nínú ìkòkò, ẹ pa gáàsì, ẹ fi ìdérí bò ó, ẹ má da omi sí i. Bí ẹ bá ti bọ́ síta, ẹ má padà wọlé nítorí fóònù tàbí sátífíkéètì.

615 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 112 ni ti gbogbo Nàìjíríà. Bí ẹ bá pè, ẹ sọ ohun tí ojú ń rí: mọ́ṣáláṣí wo, ṣọ́ọ̀ṣì wo, igi wo, orítá wo. Kẹ́ ẹ rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan sí ẹnu títì kó dúró de mọ́tò. Nínú àwọn àdúgbò wa tó há, ìṣẹ́jú tí a fi ń wá ilé máa ń gùn ju èyí tí a fi wakọ̀ lọ.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ Agbowó (Ọjọ́ Àìkú, 3:05 ọ̀sán)

Mo ti padà dé. Mo ra méjì, oní-bátìrì ọdún 10 yẹn, "photoelectric" ló wà lára páálí. Owó ọ̀kan ò tó owó tí mo fi ń gba gáàsì kún sílíńdà. Ọ̀kan wà ní pásẹ́èjì, ọ̀kan wà lókè bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ. Mo ti din dòdò nígbà méjì, kò dún.

Bàbá Panápaná, mo ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Ní alẹ́ àná, aago 1 kọjá díẹ̀, mo dìde, mo gun àga, mo tẹ bọ́tìnnì náà. Ó han gooro! Bàbá àwọn ọmọ fò dìde bí ẹni tí ejò ṣán. Àwọn ọmọ ò jí. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì lórí wọn níbẹ̀, Táyé kọjú sí ògiri, Kẹ́hìndé fa aṣọ bojú. Àyà mi já. Mo ti rò pé nítorí wọn ni mo ṣe rà á.

Bàbá wọn gbé ọ̀kan, èmi gbé ọ̀kan, a pa gbogbo iná. A dé ẹnu ilẹ̀kùn onírin. Kọ́kọ́rọ́ méje ló wà lórí òrùka kan náà, inú báàgì ìjáde mi ló wà, báàgì sì wà nínú yàrá. Mo padà lọ mú un, mo ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn, ìkẹfà ló ṣí i. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àbọ̀ la lò, láìsí èéfín kankan.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àdó (Ọjọ́ Àìkú, 3:40 ọ̀sán)

Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù jù. Oorun ọmọdé wúwo, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jí sí i, a mọ èyí dáadáa. Ẹ̀yin àgbà ló ń jí. Ẹ kàn pín in báyìí pé ta ló ń gbé ta, kó má yí padà.

Panápaná Tó Ti Fẹ̀yìntì (Ọjọ́ Àìkú, 4:02 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yẹn kúrò lára àwọn mẹ́fà yòókù lónìí. Ẹ kan ìṣó sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ ẹni tó wà ní ìta fèrèsé ò lè dé, tí ọwọ́ ọmọ ọdún méje lè dé. Kó má kúrò níbẹ̀ láé. Fún fèrèsé yàrá, ẹ pe wẹ́dà kó gé irin ọ̀kan, kó fi hínjì àti ìdábùú sí i láti inú, kó ṣeé ṣí.

Ìyá Ẹ̀jìrẹ́ Agbowó (Ọjọ́ Àìkú, 9:47 alẹ́)

Ìṣó ti wà níbẹ̀. Mo fi òwú pupa so kọ́kọ́rọ́ náà. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí mo ní kí àwọn ọmọ dijú kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Táyé ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, Kẹ́hìndé ní òun náà fẹ́ ṣe é, ó lò ó tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kó tó ṣí. A tún tẹ alámù, a jáde láàárín ìṣẹ́jú kan. Wẹ́dà ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Lánlọ́ọ̀dù ti gbà, ó ní kó kọjá sí yàrá òun náà bó bá ti parí tiwa.

Ọmọ Sángo (Ọjọ́ Ajé, 7:15 àárọ̀)

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bí wẹ́dà náà bá ṣe é dáadáa, ẹ bá mi béèrè iye tó máa gbà fún fèrèsé méjìlá. A ti dáwó alámù pé, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ti kúrò ní pásẹ́èjì. Ọ̀kan tó kù, màmá tó ni ín ti rìnrìn àjò, a ti gbé e lọ sí ẹ̀yìn kànga títí wọ́n á fi dé.